Máàkì Mélòó Ló Ń Gbéni Wọ Fásitì? Àgbéyẹ̀wò fún Àwọn Ọmọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Lọ́dọọdún, tí èsì JAMB bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn ọmọ láti Sàbó ní Ìkòròdú títí dé Nofọríjà ní Ẹ̀pẹ́: "Ṣé iye yìí lè gbé mi wọlé?" Ìdáhùn tí wọ́n ń rí kì í jọra. Olùkọ́ lẹ́sìnnì á ní 250 ti tó, kí ọmọ má fòyà. Bùọ̀dá tó ni kafé á ní láìjẹ́ 300, kí ó má wulẹ̀ sún mọ́ Yunifásítì Èkó. Ìyá á ní ohun tí Ọlọ́run bá sọ ni. Àbúrò bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà á ní kí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́, òun mọ ẹnì kan níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ṣírò, olúkúlùkù pẹ̀lú òṣùwọ̀n tirẹ̀. Mo fẹ́ gbé àwọn òṣùwọ̀n náà yẹ̀ wò, ká mọ èyí tó ṣeé gbọ́kàn lé àti èyí tó jẹ́ ìtùnú lásán. Lójú tèmi, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń wọn ohun tí kò yẹ ní wíwọ̀n, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n nígbà tí ọjọ́ ti lọ.

Àyè kò fìgbà kan pọ̀. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Èkó ṣílẹ̀kùn ní 1962, 131 ni wọ́n. Láyé ìgbà náà, fásitì kọ̀ọ̀kan ló ń dá gba ọmọ tirẹ̀. Ọmọ kan lè rí àyè ní ibi mẹ́ta, kí ó di gbogbo rẹ̀ mú títí ilé-ìwé á fi wọlé, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pààrà ilé ìfìwéránṣẹ́ láìrí nǹkan kan. Èyí wà lára ohun tó mú kí ìjọba ológun dá JAMB sílẹ̀ ní 1978, kí ìdíje náà lè wà lójú kan. Nígbà tó di 2005, lábẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Chinwe Obaji, wọ́n gba àwọn fásitì láyè láti tún dán àwọn ọmọ wò fúnra wọn, torí ariwo ti pọ̀ pé èsì JAMB nìkan kò ṣeé gbára lé mọ́. Mínísítà Adamu Adamu fòfin de ìdánwò kejì yẹn ní 2016; ó padà wá ní 2017. Ọdún 2017 yẹn kan náà ni CAPS dé, ojú ọ̀nà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ìgbaniwọlé gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Àwọn òbí ni mo ń ro ìtàn yìí fún. Bàbá tó kọ JAMB ní 1988 kò parọ́ tó bá ní 240 ni òun fi wọ ẹ̀ka òfin. Ìdánwò kan ṣoṣo ni òun kọ o. Ọmọ rẹ̀ á kọ méjì, wọ́n á sì tún wọn èsì WAEC rẹ̀ mọ́ ọn. Ìrírí bàbá náà jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi ṣe ìwọ̀n fún ọmọ òde òní.

Ẹ jẹ́ ká wo 2025, torí ọdún náà ṣojú gbogbo ará Èkó. Nínú èsì tí JAMB kọ́kọ́ kéde, ọmọ 1,955,069 ló ṣe ìdánwò. Àwọn tó gba 300 sókè jẹ́ 12,414, kò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó wà láàárín 250 sí 299 jẹ́ 73,441. Láàárín 200 sí 249, wọ́n jẹ́ 334,560. Ìyókù, tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀, kò dé 200, ìyẹn ìdajì máàkì. Tí a bá ro ti òkè pọ̀, ẹni tó gba 250 ti wà lára márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó jókòó ṣe ìdánwò náà káàkiri Nàìjíríà. Ẹni tó gba irú èsì bẹ́ẹ̀ tí fásitì kò sì gbà á, kì í ṣe olódo. Kí ẹnikẹ́ni má fi olódo pè é.

Lẹ́yìn ìyẹn ni aṣọ wá ya. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, jáde síwájú àwọn oníròyìn pẹ̀lú omijé, ó ní àṣìṣe ti wọ èsì àwọn ọmọ 379,997 ní ibùdó ìdánwò 157. Nínú wọn, 206,610 jẹ́ ti Èkó, ní ibùdó 65. Ìyókù wà lápá ìlà-oòrùn gúúsù. Wọ́n ní kí gbogbo wọn wá tún un kọ. Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé wọ́n ti bú ọmọ tán, wọ́n ti nà án tán, kí ìròyìn yìí tó dé. Látìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé máàkì JAMB fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí a fi ẹ̀rọ wọ̀n, ohun tí a bá sì fi ẹ̀rọ wọ̀n lè ṣì. Ìdánwò ọjọ́ kan kò lè sọ gbogbo òótọ́ nípa orí ọmọ.

Ká tiẹ̀ ní máàkì náà pé pérépéré, kò tíì dáhùn ìbéèrè tí a bi í. Ẹni tó bá ti to ìlà BRT ní Ìkòròdú láàárọ̀ Mọ́ńdè mọ̀ pé kì í ṣe aago tí òun jí ló ń pinnu bóyá òun á rí ìjókòó. Iye èrò tó wà níwájú òun àti iye àga tó wà nínú ọkọ̀ ni. Ọmọ tó gba 270 tó ń lọ sí ẹ̀ka ìṣègùn wà lórí ìlà kan. Ọmọ tó gba 210 tó ń lọ kọ́ nípa ẹja àti odò wà lórí ìlà mìíràn. Ẹni 210 lè wọlé kí ẹni 270 má wọlé, kò sì sí àbòsí níbẹ̀. Àjọ NUC ló ń sọ iye ọmọ tí fásitì kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ní ti ìṣègùn, MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ dókítà, ló ń fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀. Àga wọn níye, wọn kì í fẹ̀ torí pé ọmọ gbọ́n.

Ìlànà Yunifásítì Èkó ló rọrùn jù láti fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó hàn síta, torí ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkòròdú ń kọjú sí. Wọn kì í wo ẹni tí kò fi ilé-ìwé wọn ṣe àkọ́kọ́ lórí fọ́ọ̀mù JAMB, wọn kì í sì wo ẹni tí kò gba 200. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀, wọ́n á fi 8 pín máàkì JAMB rẹ̀, kí 400 di 50. Post-UTME, ìdánwò kejì tí fásitì fúnra rẹ̀ ń ṣe, gba 30. Èsì WAEC tàbí NECO gba 20: iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń kà, A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2. Àròpọ̀ rẹ̀ ni 100. Òun ni wọ́n fi ń to àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká dá ọmọ méjì ní àbá. Ọ̀kan wà ní Ìgbógbó, ó gba 280 nínú JAMB. Èyí fún un ní 35. Èsì WAEC rẹ̀ jẹ́ A1 kan, B2 kan, B3 méjì àti C4 kan, ìyẹn 16.8. Ó gba 20 nínú Post-UTME. Àròpọ̀ rẹ̀, 71.8. Ìkejì wà ní Ẹ̀pẹ́, ó gba 250 nínú JAMB, tó jẹ́ 31.25. Ó ní A1 mẹ́ta àti B2 méjì, ìyẹn 19.2, ó sì gba 25 nínú Post-UTME. Àròpọ̀ tirẹ̀, 75.45. Ọmọ 280 ni àdúgbò á pa adìẹ fún, ọmọ 250 ni wọ́n á máa tù nínú. Ẹni tí wọ́n ń tù nínú ló sì wà níwájú.

Tí a bá tún un wò dáadáa, a ó rí i pé ohun gbogbo ló níye tó tọ́ sí i lórí òṣùwọ̀n yìí. Máàkì kan nínú Post-UTME tó máàkì 8 nínú JAMB. Ọmọ tó kúrò ní C6 bọ́ sí A1 nínú iṣẹ́ WAEC kan ṣoṣo ti jèrè ohun tó tó máàkì 16 nínú JAMB. Ní gbogbo iṣẹ́ márààrún, ìyàtọ̀ láàárín C6 àti A1 jẹ́ 80 nínú JAMB. Ọgọ́rin! Ohun tí àwọn ọmọ ń sọ ni pé "kírẹ́díìtì ni kírẹ́díìtì", wọ́n á fi gbogbo ọdún kẹta sẹ́kọ́ńdìrì àgbà lépa JAMB, wọ́n á sì fi WAEC, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń san owó rẹ̀ fún àwọn tó wà nílé-ìwé ìjọba, ṣe eré. Kírẹ́díìtì kọ́ ni kírẹ́díìtì. Láti ọdún díẹ̀ wá, kọ́tọ́ọ̀fù ìṣègùn ní Yunifásítì Èkó ń kọjá 80. Ọmọ tó ní A1 márùn-ún tó sì gba 25 nínú Post-UTME nílò 280 nínú JAMB kó tó dé 80 yẹn. Ọmọ tó ní C6 márùn-ún pẹ̀lú 25 kan náà nílò 360. Ẹ̀yin ẹ wá àwọn tó ń gba 360 wá.

Òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe ti gbogbo fásitì. Àwọn kan kì í ṣe ìdánwò kejì rárá. Èsì WAEC àti JAMB nìkan ni wọ́n ń dà pọ̀, níbẹ̀ sì ni èsì WAEC ti tún ń wúwo sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ìlànà ilé-ìwé tó ń lọ. Àwọn tó ń ta "ìṣirò ìgbaniwọlé" fún ọmọ ní kafé ń fi ìlànà ọ̀kan ṣírò fún gbogbo wọn, iye tó sì ń jáde lára ẹ̀rọ wọn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó kàn. Ní fásitì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè jẹ́ ti ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù, ibi yòówù kó ti wá. Ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí fásitì náà ká. Ti Yunifásítì Èkó ni Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì. Ìdá 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ 23 tí ìjọba kà sí ibi tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ní Ìkòròdú kò mọ̀ ni pé ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti ṣẹ̀ wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tó ń gbé. Ìkòròdú ti di ìlú tí gbogbo ẹ̀yà ń gbé. Kwara àti Kogí wà nínú àwọn 23 yẹn. Ọmọ Òmù-Àrán tàbí ọmọ Kàbà tí wọ́n bí sí Odógùnyàn, tí kò sùn sí ìlú bàbá rẹ̀ rí ju ìgbà ọdún lọ, wà lórí ìlà mìíràn sí ọmọ onílé tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Kọ́tọ́ọ̀fù ìpínlẹ̀ kan kì í sì í sábà bá ti ìkejì mu, kódà láàárín àwa mẹ́fà tí a jọ jẹ́ Yorùbá.

Àwọn kan ní ìyànjẹ ni. Ẹjọ́ Badejo, tó dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1996, dá lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀. Olùpẹjọ́ kò rí ohun tó ń wá gbà. Ní tèmi, mo lè fara mọ́ ìpín, torí orílẹ̀-èdè tí apá kan nìkan bá kàwé kò ní fara rọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni kí ọmọ máa díje láìmọ irú ìlà tí òun wà.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí ń sọ gbogbo ìṣirò di òfo, tó sì ń dùn mí jù, torí wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ọmọ á mú iṣẹ́ mẹ́rin tí kò bá ẹ̀ka tó fẹ́ mu sórí fọ́ọ̀mù. Ó fẹ́ kọ́ òfin, kò mú lítíréṣọ̀. Ọmọ mìíràn á kọ JAMB nígbà tí èsì WAEC rẹ̀ kò tíì jáde, èsì á wá jáde tán, kò sì ní padà lọ gbé e sórí CAPS. Fásitì á wá a, wọn ò ní rí èsì kankan, wọ́n á fò ó. Òmíràn á rí àyè gbà, kò ní tẹ bọ́tìnnì pé òun gbà, torí fóònù rẹ̀ bàjẹ́ tàbí torí bùọ̀dá kafé ló ni ímeèlì àti nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ímeèlì tirẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀: ọdún 16 ni ìjọba fi ìdí rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń sọ 18. Wọ́n gba àwọn tí kò tíì pé 16 láyè láti dánwò ní 2025 bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀jáfáfá. Nínú 40,247 tó wá, 467 péré ni JAMB kéde pé ó kọ́kọ́ dé ojú ìlà 320 tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí tó ń mú ọmọ fò láti kíláàsì kan sí èkejì, ẹ gbọ́ iye yẹn.

Kọ́tọ́ọ̀fù ọdún tó kọjá wá ńkọ́? Òun ló dára jù nínú gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ lásán, òun náà sì ni wọ́n ń lò ní ìlòkulò jù. Kọ́tọ́ọ̀fù kì í ṣe ògiri tí fásitì mọ sílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Máàkì ẹni tó jókòó sórí àga ìgbẹ̀yìn ni. Tí ìdánwò bá le lọ́dún kan, á wálẹ̀. Tí gbogbo ayé bá sáré sí ẹ̀ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nítorí ìrìn-àjò sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, bó ti rí láti bí ọdún mélòó kan, á gòkè. Kí ọmọ wo ti ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin papọ̀, kí ó fi èyí tó ga jù nínú wọn ṣe ìwọ̀n, kí ó tún fi máàkì méjì tàbí mẹ́ta lé e. Tí àròpọ̀ tirẹ̀ bá ṣì kọjá rẹ̀, ó lè fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Tí ó bá wà láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó relẹ̀ jù, ọ̀rọ̀ náà jẹ́ bóyá-bóyá, kí ó má gbójú lé ibẹ̀ nìkan. Tí ó bá wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn, kò sí ìtùnú tí olùkọ́ lẹ́sìnnì lè ṣe fún un.

Ọmọ tí kò tíì jókòó ṣe ìdánwò á bèèrè pé máàkì wo ni kí òun fi ṣírò. Máàkì tó ń gbà nígbà tó bá ń dán ara rẹ̀ wò bí ẹni tó wà níbẹ̀ gan-an ni. Ìbéèrè 180 ni UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, wákàtí méjì ni wọ́n fún un, ìyẹn ogójì ìṣẹ́jú-àáyá fún ìbéèrè kan. Ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè àtijọ́ lórí fóònù, tó ń dìde lọ jẹun, tó ń padà wá, tó tún ń yẹ ìdáhùn wò, kò tíì dán ara rẹ̀ wò. Ó ṣeé ṣe kí máàkì tirẹ̀ wálẹ̀ ní 40 tàbí 50 tó bá dé iwájú kọ̀ǹpútà ní ibùdó. JAMB ní ìdánwò ìfidánrawò tí ó ń ṣe ṣáájú. Owó tí ẹ bá san lé e, owó tó níye lórí ni. Fún ọmọ tó ń ti Kétu-Ereyùn tàbí abúlé etí ọ̀sà bọ̀, tí wọ́n ní kó dé ibùdó ní aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀ bí wọ́n ti ṣe ní 2025, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà wà nínú ìṣirò. Kí ó lọ sùn sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ẹbí tó sún mọ́ ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Máàkì wà nínú oorun.

Ti "mo mọ ẹnì kan" kò ní gbà wá lákòókò. Ṣáájú CAPS, ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Lónìí, orúkọ gbọ́dọ̀ kọjá lórí ojú ọ̀nà JAMB kí ìgbaniwọlé tó dúró, ẹni tó sì ń gba owó lọ́wọ́ yín fún "sílọ́ọ̀tì" mọ̀ pé tí ọmọ bá fi máàkì ara rẹ̀ wọlé, òun á ní òun ni, tí kò bá wọlé, òun á pa fóònù. Ìṣirò tirẹ̀ dájú, tiyín ni kò dájú. Màgòmágó ìdánwò náà, tí wọ́n ń pè ní ibùdó ìyanu, ń fún ọmọ ní A1 tí Post-UTME á tú àṣírí rẹ̀. Ní ti àdúrà, kí a gbà á. Kì í ṣe ara ìṣirò, kò sì lòdì sí i.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìṣirò tí mo ń sọ yìí, kí fọ́ọ̀mù JAMB tó kún ni àkókò rẹ̀. Lẹ́yìn tí èsì bá dé, ohun tó kù lọ́wọ́ ọmọ ni kí ó sanwó pa ilé-ìwé dà, nígbà tí àwọn tó kọ́kọ́ mú ilé-ìwé yẹn ti wà níwájú. Níbi ìyànfẹ́ àkọ́kọ́ ni àyè ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Èkejì kì í sábà níye lórí, torí àwọn fásitì tí èrò pọ̀ sí kì í wò ó.

Níbi yìí ni mo ti rò pé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ti ní àǹfààní tí a kò tíì lò tó. Ní 2022, Pólì Èkó tó wà ní Ìkòròdú di yunifásítì ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ náà, LASUSTECH. Lọ́dún yẹn kan náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà ní Nofọríjà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994 tí wọ́n sì fi orúkọ gómìnà àná, Michael Otedola, ọmọ Ẹ̀pẹ́, pè, dà pọ̀ mọ́ ti Ìjànìkín, wọ́n di yunifásítì ètò ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ náà, LASUED. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, ti wà ní Ẹ̀pẹ́ tipẹ́. Fún ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, Caleb wà ní Ìmọ́tà, Augustine wà ní Ìlàrá. Síbẹ̀, ọmọ tí ilé rẹ̀ kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí LASUSTECH á fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Èkó ṣe àkọ́kọ́ pẹ̀lú àròpọ̀ tí kò lè dé ibẹ̀, á jókòó sílé ní ọdún kan, á tún ṣe ohun kan náà lọ́dún kejì. Mo gbọ́ àwíjàre wọn: orúkọ. Ilé-ìwé tuntun kò tíì lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta tí a fi jókòó sílé kò lórúkọ rárá, ọmọ onílé sì máa ń rójú rere ní fásitì ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ju bó ti ń rí i ní ti àpapọ̀ lọ.

Owó náà jẹ́ ara ìdíje. Nígbà tí LASU gbé owó ilé-ìwé ga láti 25,000 náírà sí ohun tó lé ní 190,000 fún àwọn ẹ̀ka kan, tí ti àwọn mìíràn tún ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ní 2011, àwọn tó ń wọ ibẹ̀ dínkù. Ìjọba dá a padà sí 25,000 ní 2014, èrò sì tún wọ́ dé. Ibi tí owó bá ti ga, ìlà máa ń kúrú. Ẹni tó bá ń wo máàkì nìkan kò ní rí èyí.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, ti JUPEB, tí Yunifásítì Èkó àti àwọn mìíràn jọ dá sílẹ̀ ní 2014: ọmọ á fi ọdún kan kẹ́kọ̀ọ́ ìgbáradì, á ṣe ìdánwò rẹ̀, á sì gba ọ̀nà tààrà wọ ọdún kejì fásitì. Owó rẹ̀ wọ́n ju ti JAMB lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, kì í sì í ṣe ìdánilójú. Ẹni tó bá tà á fún yín bí ìdánilójú ń tan yín. Ṣùgbọ́n ìlà mìíràn ni, àwọn tó wà lórí rẹ̀ kò tó ti UTME.

Àwọn ẹbí wa tó wà ní Peckham, ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn. Lọ́dọ̀ wọn, ibi márùn-ún ni ọmọ lè bèèrè lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rin péré ló sì lè jẹ́ ti ìṣègùn. Olùkọ́ rẹ̀ á kọ máàkì tó rò pé ọmọ náà máa gbà, fásitì á ní "bí o bá gba báyìí, a ó gbà ọ́", kó tó jókòó ṣe ìdánwò. Ọmọ náà mọ iye tó gbọ́dọ̀ bá. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí Harvard kì í ti í gbà tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó bèèrè, fásitì púpọ̀ ń tẹ ìwé jáde lọ́dọọdún tó sọ iye ẹni tó wá, iye tí wọ́n gbà, àti máàkì àwọn tí wọ́n gbà. Ìdíje tiwọn le ju tiwa lọ níbòmíràn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọn kì í fi ojú dídì díje.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kì í ṣe sí àwọn ọmọ nìkan. Wọ́n ń gbìyànjú. Mo bẹ Yunifásítì Èkó, LASU, LASUSTECH àti LASUED, kí JAMB tó ṣí fọ́ọ̀mù lọ́dọọdún, kí wọ́n tẹ ohun mẹ́ta jáde fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: iye ọmọ tó bèèrè lọ́dún tó kọjá, iye tí wọ́n gbà láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti àròpọ̀ ẹni tó wọlé gbẹ̀yìn. Gbogbo iye náà ti wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì láti Àgbówà dé Ẹ̀pẹ́ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè rí i kó tó mú ilé-ìwé sórí fọ́ọ̀mù.